Bẹ́ ẹ ṣe lè dá abọ́ gíláàsì mòsáíkì àwọn ará Róòmù mọ̀

Tẹ́ ẹ bá wọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Corning Museum of Glass ní Amẹ́ríkà, ẹ máa rí àwọn abọ́ kéékèèké kan tí òdòdó àti àmì roboto kún gbogbo ara wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn wò ó fìrí, wọ́n á ní ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n á sì kọjá lọ. Kì í ṣe ọ̀dà o! Gíláàsì mòsáíkì ni, ìyẹn gíláàsì aláwọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iná yọ́ pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn abọ́ yẹn, kẹ́ ẹ wá bẹ inú ẹ̀ wò. Òdòdó tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn lẹ máa rí nínú, torí àwọ̀ yẹn gba inú gíláàsì já sódì kejì ni.

Ohun tó fà á rèé. Wọ́n á to gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ di ọ̀pá kan tó ki, tẹ́ ẹ bá wo orí ẹ̀ òdòdó lẹ máa rí, tíná bá ti mú un rọ̀ wọ́n á fà á títí á fi gùn táá tín-ín-rín, òdòdó inú ẹ̀ á kéré sí i àmọ́ kò ní bàjẹ́ (ibí yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu dòní). Wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá, òdòdó kan náà ló máa hàn lójú gbogbo ẹ̀. Wọ́n á tò ó síra, iná á yọ́ ọ pọ̀ di pẹrẹsẹ, wọ́n á gbé e lé orí nǹkan tí wọ́n ti mọ bí abọ́, iná tún á mú un rọ̀ á sì tẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá tutù, wọ́n á ha ara ẹ̀, wọ́n á fi nǹkan dán an.

Ẹ tún wo etí ẹ̀. Òmíì ní gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ bí okùn yípo etí, funfun pẹ̀lú àwọ̀ míì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o. Àwọ̀ búlúù tó jinlẹ̀ yẹn, èròjà inú ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ kóbáltì ló fà á, òmíì tó ń jẹ́ mangáníìsì ló ń gbé elésè àlùkò jáde.

Ayé Ọ̀gọ́sítọ́sì, olú ọba Róòmù tó jọba láti ọdún 27 kí wọ́n tó bí Jésù títí di ọdún 14 lẹ́yìn ẹ̀, ni irú abọ́ yìí gbòde jù, ìgbà tí fífẹ́ gíláàsì látẹnu wá tàn kálẹ̀, tó sì yá ju wàhálà gígé àti títò yìí lọ, abọ́ mòsáíkì wá di nǹkan tó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra o, àwọn oníṣẹ́ Murano ní Ítálì tún jí iṣẹ́ yìí dìde láàárín ọdún 1800 sí 1900, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń dán gbinrin bíi pé àná ni wọ́n gbé e kúrò nínú iná, ẹ ka ọdún tí wọ́n kọ sí i kẹ́ ẹ tó pariwo Róòmù.