Bí A Ṣe Lè Kó Àwọn Ọmọ Lọ Ọgbà Ìgbafẹ́ Láì Jẹ Gbèsè Bọ̀

Alẹ́ ọjọ́ tí a ti ọgbà ìgbafẹ́ dé nígbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sùn lọ fọnfọn, èmi àti bàbá wọn da gbogbo rìsíìtì inú báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń kọ wọ́n sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi oṣù mẹ́jọ kó jọ kò tó ìdajì ohun tí a ná. Ìyókù ti bá ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ, ó ti bá omi lọ, aṣọ òjò márùn-ún, oúnjẹ tí a sáré rà torí pé ebi ti ń pa àwọn ọmọ, àti bọ́ọ̀lù oníná tí kò tàn mọ́ ní ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn. Àpapọ̀ wọn ló gbé owó wa lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, a tún lọ. Ọjọ́ tí a lò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ owó tí a ná kò tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà la ti ń ṣọ́ owó ọgbà ìgbafẹ́, torí tí ẹ bá ti wọ géètì tán, onílé ló ń dá iye lé ọjà.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ wá òtẹ́ẹ̀lì tàbí bàálù. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ẹ máa lọ ló yẹ kó ṣáájú, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo owó yòókù. Ní Walt Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà ní Florida ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni iye tíkẹ́ẹ̀tì ti ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí èèyàn bá mú: ọjọ́ tí èrò máa ń wọ́, owó rẹ̀ ga, ọjọ́ tí ibẹ̀ bá dá, owó rẹ̀ wálẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì àti bàálù náà kì í fi kàlẹ́ńdà yẹn sílẹ̀. Tí ẹ bá sún ìrìn àjò síwájú tàbí sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan péré, owó mẹ́ta lè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ sábà máa ń dá ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti ti Àjíǹde ni kí ẹ sá fún pátápátá. Èmi ò fẹ́ kí ọmọ mi pa iléèwé jẹ nítorí eré, nítorí náà ohun tí mo máa ń wò ni ìgbà tí iléèwé máa wọlé ní ìlú tí ọgbà náà wà. Ní Florida, àwọn ọmọ iléèwé ti máa ń padà sí kíláàsì láàárín oṣù kẹjọ. Ẹni tí iléèwé tirẹ̀ ò bá tíì wọlé lè fi ìparí oṣù náà lọ, kó bá ìlà tí kò gùn. Ṣùgbọ́n àsìkò ìjì líle ibẹ̀ nìyẹn, láti 1 oṣù kẹfà títí di 30 oṣù kọkànlá, ẹ rí i pé òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ mú máa dá owó padà tí ìjì bá dé.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Àsìkò tí èrò kò sí ni àwọn ọgbà sábà máa ń ti ẹ̀rọ ìṣeré kan tí àwọn èèyàn ń gùn pa láti tún un ṣe, wọ́n sì lè tètè tì géètì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ọgbà náà kí ẹ tó sanwó. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ọmọ yín ń lálàá rẹ̀ ni wọ́n tì, ọjọ́ olówó pọ́ọ́kú yẹn ò ṣe yín láǹfààní kankan.

Tí ọjọ́ bá ti dúró, ẹ fa ìlà márùn-ún sínú ìwé: tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, àti nǹkan wẹ́wẹ́. Ẹ kọ iye sí iwájú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ohun tí ojú ò rí, kí ẹ wá fi iye oṣù tó kù pín in. Iye tí ẹ bá rí ni ẹ máa yọ sápá kan lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kì í ṣe ní ìparí oṣù. Tí agbára yín ò bá gbé e, ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ má yá owó. Ọgbà náà ò ní kúrò níbẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti ọjọ́ orí ọmọ

Ní àwọn ọgbà Disney ti Florida àti California, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í sanwó, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 10, iye àgbàlagbà ló máa san. Ní Efteling ní orílẹ̀-èdè Netherlands àti Europa-Park ní Jámánì, ọmọ tí kò tíì pé 4 ló ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà ẹ gbé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọmọbìnrin mi àgbà pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kejì, a sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ ọjọ́ orí ọmọ ní géètì. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ yín.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ máa ń mú kí owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ni kí ẹ fi ka ọjọ́, kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ọmọ kékeré ò lè rin ọgbà fún ọjọ́ mẹ́rin léra. Àfikún owó tó ń jẹ́ kí èèyàn wọ ọgbà méjì lọ́jọ́ kan, ẹ fi sílẹ̀ tí ọmọ kékeré bá wà pẹ̀lú yín. Àárín ọ̀nà ni ẹ máa lo àkókò yẹn sí. Tí ọgbà náà kò bá jìnnà sí yín, ẹ ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún kan wò. Ìgbà mìíràn ó máa ń bo owó ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ra, tí ẹ bá sì ń lọ léraléra, ó lè san ara rẹ̀.

Ẹ má ra ọjọ́ tó ṣẹ́kù lára tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Ní Disney ti Florida, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì ní géètì. Ti California, àwòrán ojú ni. Owó yín á ti lọ, ẹ ò sì ní wọlé.

Ẹ wọn àwọn ọmọ nílé

Ibí ni ọkàn mi wà jù. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, mo ra ìwé àìtòlà, ìyẹn ìwé àfikún tó ń jẹ́ kí èèyàn gun ẹ̀rọ láì tò sórí ìlà gígùn, fún gbogbo wa, pẹ̀lú ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ẹ̀rọ kan wà tó ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Nígbà tí a dé iwájú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kó dúró ti igi ìwọ̀n. Ó dúró ṣánṣán, ó na ọrùn, mo rí i tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà. Ọ̀dọ́bìnrin náà rọra fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, gìgísẹ̀ sì padà sílẹ̀. Igi náà fi sẹ̀ǹtímítà méjì ga jù ú. Kò sunkún. Omijé kàn lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ gùn ún, mo máa dúró." Owó ìwé àìtòlà tirẹ̀, wọn ò dá a padà.

Láti ìgbà náà, n kì í sanwó ohunkóhun kí n tó wọn wọ́n nílé, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Gbogbo ọgbà ńlá ló ń kọ gíga tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń béèrè sórí ìkànnì wọn. Ní Florida, Space Mountain ń fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 112, Seven Dwarfs Mine Train ń fẹ́ 97. Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ sórí ìwé, mo kọ ẹ̀rọ tí gíga wọn gbà sí abẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún wọn nílé ohun tí wọn ò ní lè gùn. Ọmọ tó ti gbọ́ nílé ò ní bọkàn jẹ́ lójú ọ̀nà. Ìwé yẹn náà ló máa sọ fún yín bóyá ọgbà tí ẹ mú ti yá fún wọn. Tí ẹ̀rọ mẹ́ta péré bá gba ọmọ yín nínú ogún, ẹ wá ọgbà kékeré fún ọdún yìí.

Àwọn òbí tó ní ọmọ jòjòló, ẹ béèrè ètò pípààrọ̀. Rider Switch ni wọ́n ń pè é ní Disney. Òbí kan á kó àwọn ọmọ tó ti dàgbà lọ gun ẹ̀rọ, ìkejì á dúró ti ọmọ. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá parí, ìkejì á wọlé láì tún bẹ̀rẹ̀ ìlà láti ìsàlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó wọ ìlà.

Ìlà, láì ra ìwé àìtòlà

Ọdún 1999 ni Disney bẹ̀rẹ̀ FastPass, ètò àìtòlà wọn, ọ̀fẹ́ sì ni nígbà náà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, owó ni wọ́n ń gbà fún àìtòlà ní Florida. Fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, owó yẹn lè tó owó ibùsùn alẹ́ kan.

Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni pé a dé géètì ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń ṣí. Ẹ̀rọ tí ìlà rẹ̀ máa ń gùn jù ni a lọ bá tààrà, a ò dúró ya fọ́tò, a ò yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, a ti gun mẹ́rin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, aago mẹ́ta ọ̀sán ni a tó gun mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo ayẹyẹ ojú títì, ìlà tún máa ń fúyẹ́. Ní àwọn ọgbà Disney, ẹni tó bá ti wọ ìlà kí àkókò ìtìpa tó pé, wọ́n á jẹ́ kó gùn ún, nítorí náà ẹ lè fi ẹ̀rọ ńlá kan sí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà tí kò bẹ̀rù àtijókòó ti àlejò lè gba ìlà ẹlẹ́nìkan, èyí tí wọ́n fi ń dí àyè tó ṣófo lórí ẹ̀rọ, níbi tí ó bá wà.

Oúnjẹ, omi, ibùsùn

Ẹ ka òfin ọgbà náà lórí oúnjẹ. Disney ti Florida gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ àti omi wọlé, tí kò bá ti sí ìgò tàbí ọtí níbẹ̀, wọ́n sì ń fún èèyàn ní ife omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá. Àwọn ọgbà mìíràn ò gbà. A gbé ike omi márùn-ún lọ, a ń rọ omi sínú wọn, a ò ra omi rárá ní ìgbà kejì.

Oúnjẹ gidi kan la rà lójúmọ́, a sì jẹ ẹ́ ní aago mọ́kànlá, kí àwọn èrò tó dé. Ọmọ tí ebi ò pa kì í sunkún béèrè gbogbo ohun tó bá rí.

Ní ti ibùsùn, ẹ má wo iye alẹ́ kan nìkan. Ẹ fi owó ọkọ̀, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti oúnjẹ àárọ̀ kún un kí ẹ tó fi òtẹ́ẹ̀lì tó jìnnà wé èyí tó wà nítòsí. Tí ẹ bá wà nítòsí, ẹ lè padà lọ sùn lọ́sàn-án, kí ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́. Tiwa ní ilé ìdáná kékeré, ìyẹn nìkan gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó.

Ohun ìrántí

Ẹ ra aṣọ òjò, fìlà, ìpara oòrùn àti ohun ìṣeré oníná kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kó wọn sínú báàgì, kí ẹ yọ ohun ìṣeré oníná náà nígbà tí òkùnkùn bá ṣú. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹ máa fi gba iná sí fóònù. Ẹ ya fọ́tò àwọn ọmọ láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yín sí apá wọn.

Owó ohun ìrántí, ẹ gbé e lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. A fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye kan náà, a ní tó bá tán, ó tán, ọjọ́ ìkẹyìn sì ni a wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin mi àgbà, ẹni tó fẹ́ gbogbo nǹkan nígbà àkọ́kọ́, yí ṣọ́ọ̀bù náà ká pẹ̀lú owó rẹ̀ nínú ìkúùkù. Ó gbé ọmọláńgidi kan, ó wo ìdí rẹ̀ fún iye, ó dá a padà. Ó gbé báàgì, ó dá a padà. Níkẹyìn ó mú ife ìmumi kékeré kan tó ní lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lára, ó tò sórí ìlà fúnra rẹ̀, ó sanwó, ó sì ka ṣéńjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi í sápò. Ife yẹn ló ṣì fi ń mu omi.