Bí mo ṣe wo ẹsẹ̀ gbígbọ̀n sàn kí n tó lọ kọ́ fífi párásúùtì fò

Owó kọ́ ni ìṣòro mi, orókún mi ni. Tí mo bá dé orí Òkè Olúmọ, tí mo wo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀, ṣe ni orókún mi á máa gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fò láti nǹkan bí 4,000 mítà yóò já bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí párásúùtì tó ṣí, pẹ̀lú eré bíi 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Yóò ti ìbàdí síwájú, ara rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà.

Mo dojúbolẹ̀ lórí ẹní, mo gbé àyà àti itan sókè. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré, ẹ̀yìn ti ń ta mí! Àràárọ̀ ni mo ń ṣe é títí ó fi pé 60. Àtẹ̀gùn Olúmọ ló bá mi mú itan le.

Ti ọkàn ló pẹ́. Bàbá adẹ́mu kan ló wò mí lórí àpáta lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, o ò mí mọ́." Òótọ́ ni, mo ti sé èémí. Láti ọjọ́ náà, mo ń ka 4 tí mo bá fà á sínú, mo ń ka 6 tí mo bá tú u jáde. Èyí gan-an ló ṣe é.

Lánàá, mo dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, orókún ò mì. Dókítà kan ti wo etí mi àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ọ̀fìnkìn má ṣáà mú mi báyìí, torí etí tó dí kì í gba òfuurufú.