Bí mo ṣe tọpa "werden" dé gbòǹgbò

Nígbà tí mo ń kọ́ èdè Jámánì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń pàdé mi níbi gbogbo: "werden". Òun ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan di òmíràn, òun ni wọ́n fi ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, òun náà ni wọ́n tún fi ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ènìyàn. Mo ní n ó wá ìdí rẹ̀.

Àwọn ìbátan rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kó jọ. "Worden" ni ní Netherlands, "verða" ní Iceland, "weorþan" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ (þ yẹn ni wọ́n ń kọ ní th lónìí). Wulfila, bíṣọ́ọ̀bù àwọn Goth (ẹ̀yà kan ní Yúróòpù láyé àtijọ́), lo "wairþan" nínú Bíbélì tó túmọ̀ láàárín ọdún 300 sí 400 lẹ́yìn tí a bí Jésù.

Lẹ́yìn náà ni mo kan "vertere" ti Látìn, tó túmọ̀ sí yí. Ṣé ẹbí ni wọ́n lóòótọ́? Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ará Jámánì, ti la ọ̀nà sílẹ̀ ní 1822: t ti Látìn a máa bá th ti Gẹ̀ẹ́sì àti d ti Jámánì lọ. Ẹ wo ẹẹ́ta: "tres", "three", "drei". Ẹ wá to tiwa náà: "vertere", "weorþan", "werden". Ó bára mu rẹ́gí! Ohun tó bá yí padà ló ń di òmíràn.

Ó ku ibì kan tó rú mi lójú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "wearþ" ni "ó di", ṣùgbọ́n "wurdon" ni "wọ́n di". Níbo ni d ti wá? Karl Verner, ará Denmark, ló tú u: láyé àtijọ́, gbòǹgbò "wearþ" ni wọ́n ń tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ìparí "wurdon" ni. Bí ìtẹnumọ́ bá ti bọ́ sẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì náà, àìkùnyùn (ìró tí ọ̀fun kì í gbọ̀n sí) á di akùnyùn (ìró tí ọ̀fun ń gbọ̀n sí). Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí ìtẹnumọ́ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àmì rẹ̀ ṣì wà.

Ara rẹ̀ náà ni "wyrd" ti jáde, ìyẹn kádàrá; òun ló di "weird" òde òní.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, "become" ti gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sí Ìsíkíẹ́lì 30:2: "Woe worth the day!" "Worth" yẹn kì í ṣe ti iye owó. "Weorþan" ni: kí ègbé bá ọjọ́ náà.