Kẹ́ẹ Tó Fi Ọmọ Yín Sílé Àtúnṣe Ìwà: Ohun Tẹ́ẹ Máa Wò, Ohun Tẹ́ẹ Máa Béèrè

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tọ́rọ̀ ọmọ ti sú, tọ́mọ ń sá nílé, tó ń mugbó, tó ń fi abẹ ya ara ẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ti lé kúrò níléèwé, tẹ́nì kan wá sọ fún yín pé ilé kan wà tí wọ́n ti máa ń tún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe, kó lọ gbébẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ẹ tó sanwó. Mi ò sọ pé gbogbo ilé ìtọ́jú ló burú o. Àwọn tó dáa wà, tí wọ́n ní dókítà àti olùkọ́ gidi, tọ́mọ wọbẹ̀ tára ẹ̀ sì balẹ̀. Àmọ́ òbí tó ti rẹ̀, tí ò rí oorun sùn mọ́, kì í lágbára àtibéèrè ìbéèrè, ohun tẹ́nu dídùn bá sọ fún un ló máa gbà, àwọn tó ń ṣe ilé burúkú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè tó kù: ṣé ọmọ mi á lè bá mi sọ̀rọ̀ láìsẹ́ni tó ń gbọ́, látọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá wọlé? Tí wọ́n bá ní rárá, tàbí wọ́n ní ó di lẹ́yìn oṣù kan, tàbí wọ́n ní ó dọwọ́ bó bá ṣe hùwà sí, ẹ mú ọmọ yín kẹ́ẹ máa lọ. Kò sí àlàyé tí wọ́n máa ṣe tó yẹ kó tẹ́ yín lọ́rùn lórí ìyẹn.

Ìdí ni pé níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ẹni tó lè fẹjọ́ sùn. Wọ́n á ti sọ fún òbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé "ọmọ yín máa purọ́ fún yín o, á ní à ń lu òun, á ní à ń febi pa òun, kó ṣáà lè padà sílé ni, ẹ má dá a lóhùn." Wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn kó tó sọ̀rọ̀ rárá. Ọjọ́ tó bá wá ké gbàjarè lóòótọ́, ìyá ẹ̀ á ní ohun tí wọ́n sọ fún mi náà nìyí. Òfin tí àjọ UN gbé jáde ní 1990 lórí àwọn ọmọ tí wọ́n fi sí àhámọ́ sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ohunkóhun dín oúnjẹ ọmọ kù, wọn ò gbọ́dọ̀ dínà mọ́ òun àtàwọn ará ilé ẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lù ú tàbí tì í mọ́ yàrá lóun nìkan láti fi jẹ ẹ́ níyà. Tọ́mọ tí adájọ́ ní kí wọ́n tì mọ́lé bá ní ẹ̀tọ́ yìí, mélòómélòó ọmọ tẹ́yin fúnra yín ń sanwó ẹ̀. Ní Utah ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú àwọn ilé yìí ti pọ̀, Paris Hilton tó jẹ́ gbajúmọ̀ lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin ní 2021, ó sọ ohun tójú ẹ̀ rí ní ọ̀kan nínú wọn, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin pé kọ́mọ máa bá àwọn ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ìjọba sì máa lọ yẹ àwọn ilé náà wò lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ó dun èèyàn pé ó dìgbà tí wọ́n ṣòfin kọ́mọ tó lè bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láísẹ́ǹsì ńkọ́? Ẹ má bi ọ̀gá ilé náà nìkan. Ẹ wá ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún irú wọn láísẹ́ǹsì, kẹ́ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìgbà wo lẹ lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, kí lẹ bá níbẹ̀, ẹjọ́ wo ni wọ́n ti fi sùn. Tí wọ́n bá sọ fún yín nílé náà pé àwọn ò nílò láísẹ́ǹsì torí pé ẹ̀sìn làwọn ń ṣe, ẹ jẹ́ kó yé yín pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ wọ́n wò nìyẹn.

Ìbéèrè tó kàn, ẹ má tijú àtibéèrè ẹ̀: tọ́mọ bá ń bínú, tó ń jagun, kí lẹ máa ń ṣe fún un? Wọ́n lè sọ pé àwọn á "dì í mú" kó má ṣe ara ẹ̀ léṣe. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ta ló kọ́ wọn? Wọ́n máa ń dà á délẹ̀ ni? Wọ́n máa ń jókòó lé e láyà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ṣe é lóṣù tó kọjá, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣé wọ́n sì pe òbí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an? Ọmọ ọdún 16 kan wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ní 2020, búrẹ́dì ló jù nígbà tí wọ́n ń jẹun, àwọn àgbàlagbà bíi mélòó kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú títí ọkàn ẹ̀ fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló kú. Búrẹ́dì o! Má sì rò pé ẹyọ kan ni. Nígbà tí GAO, àwọn tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, tú ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2007, òṣìṣẹ́ 1,619 ni wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ìwà ìkà sọ́mọ nírú àwọn ilé yìí láàárín ọdún 2005 nìkan, ìpínlẹ̀ 33 péré ló sì fún wọn níye yẹn.

Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Kì í ṣe fídíò, kì í ṣe fọ́tò pápá tútù tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Ẹ gbìyànjú kó bọ́ sásìkò oúnjẹ, kẹ́ẹ wo ohun tí wọ́n bù fáwọn ọmọ. Ẹ wo ilẹ̀kùn yàrá, ṣé ìta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà? Yàrá tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ má wulẹ̀ wò, ẹ ní ẹ fẹ́ wò ó. Ẹ béèrè oògùn tí wọ́n ń fún wọn, dókítà wo ló kọ ọ́, torí àwọn ibì kan wà tó jẹ́ oògùn oorun ni wọ́n fi ń mú kọ́mọ dákẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé kẹ́ẹ bá ọmọ méjì mẹ́ta sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìbéèrè kékeré, bíi kí lẹ ṣe lánàá. Tọ́mọ bá kọ́kọ́ wojú ọ̀gá kó tó la ẹnu, ẹ ti rí ohun tẹ́ẹ wá wò.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé àwọn á rán èèyàn wá gbé ọmọ náà lóru kó má bàa sá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà. Ọmọ tí àjèjì wọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí bàbá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó, kò ní gbàgbé.

Kó tó lọ, ẹ jẹ́ kó há nọ́ńbà fóònù méjì sórí torí wọ́n máa gba fóònù ẹ̀. Kẹ́ẹ sì jọ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì, ọ̀rọ̀ tí ò ní fu wọ́n lára, bíi kó ní kẹ́ẹ bá òun mú aṣọ kan tẹ́yin méjèèjì mọ̀ pé kò ní. Tó bá pè, ẹ má fi gbogbo àsìkò yẹn bá a wí. Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ bi í pé kí lo jẹ láàárọ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á ní oúnjẹ dáa. Ẹ ní oúnjẹ wo, á tún dákẹ́, á ní gbogbo nǹkan ló dáa níbí, wọ́n ń tọ́jú wa. Ọmọ tó máa ń fi oúnjẹ ráhùn látàárọ̀ dalẹ́ nílé ló wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé yẹn, ẹnì kan jókòó tì í ni. Tó bá wá dárúkọ aṣọ yẹn, ẹ má bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ ní ẹ ti gbọ́, kẹ́ẹ sì gbéra lọ́jọ́ náà.

Tẹ́ẹ bá débẹ̀ tẹ́ẹ rí ojú ọgbẹ́, tó rù, tó ń gbọ̀n, ẹ má bá wọn jà, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ ná. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ẹ gbà lọ tààrà, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀, kẹ́ẹ ya fọ́tò, kẹ́ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọn tọ́mọ dárúkọ. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kì í ṣe ọ̀gá ilé náà lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá, torí tó bá ti gbọ́, ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè pòórá. Tó bá jẹ́ pé ìjọba tàbí kóòtù ló fi ọmọ náà síbẹ̀, tẹ́ ò lè mú un, ẹ wá lọ́yà kíákíá kó ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò, àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí àjọ UN ṣe ní 1989, abala 25, fọ́mọ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò yẹn lóòrèkóòrè.

Tó bá ti délé, ó lè máa tọrọ àyè kó tó lọ tọ̀, ó lè máa jẹun wàràwàrà, ó sì lè bínú sí yín gan-an pé ẹ̀yin lẹ mú òun lọ. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ má fi ilé yẹn halẹ̀ mọ́ ọn láé, kódà tó bá tún ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ wá onímọ̀ nípa ọpọlọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí wọ́n ti fìyà jẹ, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ sọ bóyá kẹ́ẹ bá òun wọlé tàbí kẹ́ẹ dúró síta.