Ìrírí mi: bí mo ṣe yan táyà mẹ́rin, olówó pọ́ọ́kú tàbí olówó ńlá

Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni táyà ẹ̀yìn mi lọ́wọ́ òsì bú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ògèrè. Ọ̀sán gangan ni. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì la wà nínú ọkọ̀. Mo gbọ́ gbàmù, ìdí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Mo di sítíárín mú ṣinṣin, n ò fẹsẹ̀ kan bíréèkì rárá, mo kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù títí eré ọkọ̀ fi rọra kú, tí mo sì wà á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àbíkẹ́yìn wa ò tiẹ̀ jí lójú oorun. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbà tí mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè ni mo tó wo táyà náà dáadáa látọjọ́ tí mo ti rà á. Ojú tó fi ń tẹlẹ̀ ò pá, ilà rẹ̀ ṣì jìn. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó ti sún mọ́ rímù, ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ mú. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: 3114. N ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró láti bá wa tú nọ́ọ̀tì ló kà á fún mi. “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà yìí. Ó ń lọ sọ́mọ ọdún mẹ́wàá tí ẹ fi ń kó ọmọ kiri.”

Tòkunbọ̀ ni. ₦18,000 ni mo ra ẹyọ kan, méjì ni mo sì rà. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rà á, torí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Yúróòpù ló wà lára rẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ojúlówó rà lówó pọ́ọ́kú.

Bí a ṣe délé ni mo sọ fún ìyàwó mi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá èyí tí màá rà, ohun tí mo sì kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Corolla 2010 ni ọkọ̀ mi. Tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, bébà kan wà lára òpó tí ilẹ̀kùn ń gbá mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n táyà sí: 195/65R15. 195 ni ìbú táyà ní mílímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìpín 65 nínú 100 ìbú yẹn. 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan tún wà lára táyà fúnra rẹ̀, 91H lára tèmi. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé ẹrù tó wọn 615 kìlógíráàmù. H túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ ju 210 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. T jẹ́ 190, V jẹ́ 240. Kò sẹ́ni tó ní ká sáré tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tó lè fara da eré gíga ló ń fara da ooru títì.

Ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn, ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin kan gbé 185/65R15 fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni, pé rímù 15 ṣáà ni. Mo wo ara rẹ̀, 88T ni wọ́n kọ síbẹ̀: 560 kìlógíráàmù. Táyà kan ti fi 55 kìlógíráàmù dín sí ohun tí ọkọ̀ mi fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjá.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ní táyà olórúkọ ńlá tí wọ́n pè ní tuntun, ₦105,000 ẹyọ kan. Ó ń dán, irun rọ́bà ṣì wà lójú rẹ̀. “Ẹ wo irun ẹ̀, Ọ̀gá, kò tíì tẹlẹ̀ rí.” Òótọ́ ni, kò tíì tẹlẹ̀. Àmọ́ 2219 ni DOT rẹ̀: ọdún márùn-ún ló ti wà nílẹ̀. Àjọ SON tó ń mójú tó ìwọ̀n ọjà lórílẹ̀-èdè wa ní ọdún mẹ́rin ni táyà ní látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Irun kì í sọ ọjọ́ orí. Rọ́bà ń gbó bí wọ́n tilẹ̀ gbé e sórí pẹpẹ, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń pa á lójoojúmọ́.

Ẹni tó là mí lójú ni Alàájì kan tó ti ń ta táyà láti ìgbà tí Dunlop ṣì ń ṣe é n'Íkẹjà tí Michelin sì ń ṣe é ní Pọ́tákọ́tì. Michelin ti ilé iṣẹ́ tiwọn ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. “Látìgbà náà,” Alàájì ní, “orí omi ni gbogbo táyà tí ẹ ń rí ń gbà wọlé, ọ̀nà tó sì gbà wọlé ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ.” Ó mú táyà kan wá látẹ̀yìn, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo fọwọ́ pa á yíká, mo kan ibì kan tó ká bí ìgbà tí aṣọ bá ṣẹ́po. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan máa ń ki táyà kékeré sínú táyà ńlá, òmíràn tún wà nínú ìyẹn, kí kọ̀nténà kan lè gba púpọ̀. Wáyà irin tó wà níbi tí táyà ti ń di rímù mú á tẹ̀, ara táyà á ṣẹ́. Ẹni tó ń wo òde rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan. Kò tà á, ó gbé e sílẹ̀ láti máa fi han èèyàn ni. Látọjọ́ náà ni mo ti ń fọwọ́ pa inú táyà kí n tó bèèrè iye rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbé méjì síwájú mi. Àkọ́kọ́ wá láti Ṣáínà, orúkọ tí n ò gbọ́ rí, ₦48,000, DOT 5023. Èkejì jẹ́ Michelin, ₦118,000, DOT 4823. Ilẹ̀ Thailand ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ọjọ́ orí wọn, àwọn méjèèjì jẹ́ 91H. N ò gbọ́dọ̀ parọ́, ọkàn mi ń fà sí ti Ṣáínà.

Ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. TREADWEAR ń sọ bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ tán: 320 lára ti Ṣáínà, 460 lára èkejì. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọjà ara rẹ̀ ní nọ́ńbà yìí, nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ọkàn tán an. TRACTION ń sọ bó ṣe ń dúró lórí títì tí omi wà lórí rẹ̀: AA ló ga jù, A tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà B àti C. TEMPERATURE ń sọ bó ṣe ń fara da ooru, láti A dé C. Michelin gba A nínú méjèèjì. Ti Ṣáínà gba A nínú ti títì tútù, B nínú ti ooru. Ojú B yẹn ni mo dúró sí. Ooru ló bú táyà mi ní Ògèrè.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì Alàájì, mo ṣírò. Mẹ́rin ti Ṣáínà jẹ́ ₦192,000. Mẹ́rin ti èkejì jẹ́ ₦472,000. Bí mo ṣe ń wakọ̀, tí mo ń lọ Èkó lọ́sẹ̀ méjì-méjì lórí kìlómítà 127 yẹn, ọdún méjì ni mo fọkàn sí pé ti Ṣáínà máa lò, ọdún mẹ́rin ni mo fọkàn sí fún èkejì. ₦96,000 lọ́dún nìyẹn, èkejì ₦118,000 lọ́dún. Ti Ṣáínà ṣì fi ₦22,000 dín lọ́dún. Àmọ́ ₦22,000 yẹn, ó kàn fi díẹ̀ lé ní owó tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni. Òun ni màá fi ra kí táyà fara da oòrùn oṣù Kẹta.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò tó. Mo bi Alàájì bóyá kí n ra Michelin méjì síwájú, kí n fi méjì ti Ṣáínà sẹ́yìn. Ó mi orí. “Tó bá jẹ́ méjì péré lẹ lè rà, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi èyí tó dára sí.” Ó yà mí lẹ́nu, n ò kọ́kọ́ gbà, torí gbogbo fọ́kánáísà tí mo mọ̀, iwájú ni wọ́n ń fi tuntun sí. Ó ní tí táyà iwájú bá yọ̀ lórí omi, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, dírẹ́bà á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ilẹ̀ á tún mú un. Tó bá jẹ́ tẹ̀yìn ló yọ̀, ìdí ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, kò sì sí ohun tí sítíárín lè ṣe sí i. Ara mi tutù. Mo ti rí ìdí ọkọ̀ tó ń lọ fúnra rẹ̀.

Mo lọ yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, mo sì padà wá ra Michelin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo yẹ DOT ìkọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó fi sí rímù, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí tuntun, kí wọ́n ṣe bàláǹsì kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má bàa máa gbọ̀n, kí wọ́n sì ṣe aláímẹ́ńtì kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè dúró gún. Ẹni tó ra táyà tuntun tí kò ṣe aláímẹ́ńtì, ẹ̀gbẹ́ kan ni táyà lè máa jẹ. Ọmọkùnrin fọ́kánáísà fẹ́ fi afẹ́fẹ́ kún un dé 40 psi. Mo ní, “Àbúrò, jọ̀ọ́, 32 ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn.” Ó ní 40 ni gbogbo èèyàn ń lò. Mo dúró tì í títí gééjì fi sọ 32.

Fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà àkọ́kọ́, mo rọra wakọ̀, torí ojú táyà tuntun máa ń yọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Keje, òjò ńlá ká mi mọ́ ìtòsí Ṣágámù, omi dúró lórí títì, ọkọ̀ akẹ́rù iwájú mi sì dúró gìdì. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ mi dúró lójú ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ ò yà síbì kankan.

Ti ìyàwó mi yàtọ̀. Láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá ni ọkọ̀ tirẹ̀ ń lọ, kì í kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí. Ní oṣù Kẹwàá, mo bá a ra mẹ́rin ti Ṣáínà lọ́wọ́ Alàájì kan náà: tuntun, nọ́ńbà ẹrù tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, DOT tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀. N ò jẹ́ gbé tòkunbọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ní báyìí, mo ní igi ìṣáná kan nínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ tí mo fi bírò sàmì sí lára. Lóṣooṣù, mo máa ń kì í sínú ilà táyà láti mọ bó ṣe jìn tó. Mílímítà mẹ́jọ ni nígbà tí mo rà á. Tó bá ku 1.6, ilà táyà á bá òkè kékeré tó wà nínú rẹ̀ dọ́gba, ìgbà pípààrọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan, mílímítà mẹ́fà ló kù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà pẹ̀lú igi ìṣáná náà, lábẹ́ 4823.