Bí A Ṣe Ń Kéde Páténtì Nígbà Tí A Bá Fẹ́ Tẹ Ìwádìí Ìṣègùn Jáde

Ní oṣù kejì ọdún 1998, jọ́nà ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tó dá lórí ọmọ 12 péré. Andrew Wakefield ni òléwájú nínú àwọn tó kọ ọ́, ìwádìí yìí ló sì mú kí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tó ń dènà èéyi, ṣegede àti rùbẹ́là, pé bóyá òun ló ń fa ọ́tísìmù, ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọdé. Ohun tí wọn kò sọ fún òǹkàwé ni pé ní oṣù kẹfà ọdún 1997, nígbà tí ìwádìí náà kò tíì jáde rárá, orúkọ Wakefield ti wà lórí ìwé tí wọ́n fi ń bèèrè páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fi ń dènà kí ẹlòmíràn lo iṣẹ́ olùṣẹ̀dá láìgbàṣẹ, fún àjẹsára èéyi mìíràn. Akọ̀ròyìn kan, Brian Deer, ló tú àṣírí náà. Ó di ọdún 2010 kí The Lancet tó fa ìwádìí náà yọ, ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní Bìrìtéènì. Páténtì nìkan kọ́ ni wọ́n rí o, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Mo mú ìtàn yìí ṣáájú nítorí ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò nínú rẹ̀. Páténtì yẹn kì í ṣe ti àjẹsára tí ìwádìí náà ń fura sí. Ti òmíràn ni, èyí tó lè rí oníbàárà bí àwọn èèyàn bá sá fún ti àkọ́kọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Níní páténtì kò burú. Ta ló máa kówó lé oògùn tuntun lórí bí kò bá sí ohun tó máa dáàbò bo owó rẹ̀? Ohun tó ń ba ni lórúkọ jẹ́ ni kí òǹkàwé lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ wo ọjọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo rí i pé ó máa ń dun àwọn olùwádìí jù, torí pé kò sí àtúnṣe fún un. Ohun tí ẹ bá fẹ́ gba páténtì lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nà ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe tuntun mọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ̀ ẹ́. Amẹ́ríkà fún olùṣẹ̀dá ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá sọ iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ilẹ̀ Yúróòpù kì í fara mọ́ irú ẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí jọ́nà tó yẹ̀ ẹ́ wò, pósítà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri níbi ìpàdé àwọn onímọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà sí títẹ̀ jáde.

Torí náà, bí ẹ bá fura pé iṣẹ́ yín lè di páténtì, ọ́fíìsì tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ ná, kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè kéde rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ páténtì èyíkéyìí tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀: èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí, èyí tó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti èyí tí ẹ ṣì ń gbèrò. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ ṣì ń gbèrò pàápàá. Fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí a mọ̀ sí ICMJE, dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Àwíjàre méjì wà tí ẹ máa gbọ́ níbí. Àkọ́kọ́: “Èmi kọ́ ni mo ni ín, yunifásítì ló ni ín.” Òótọ́ ni pé agbanisíṣẹ́ ló sábà máa ń ni páténtì, ṣùgbọ́n bí owó bá wọlé, ìpín máa ń kan ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan náà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ẹ kéde rẹ̀. Ìkejì: “Kò tíì mú kọ́bọ̀ wọlé.” Páténtì lè wà láàyè fún 20 ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ìwádìí tí ẹ fẹ́ tẹ̀ yìí sì lè jẹ́ ohun tó máa mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í pawó. Ẹ kéde ìyẹn náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ tí ẹ kò rántí mọ́, ẹ tẹ orúkọ yín sínú Espacenet, PATENTSCOPE tàbí Google Patents, àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń wá páténtì. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé wọn tán, nítorí ìwé ìbéèrè páténtì sábà máa ń wà ní ìkọ̀kọ̀ fún oṣù 18 kí wọ́n tó gbé e síta. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀ẹ́rùn tó kọjá kò tíì ní sí níbẹ̀.

Ẹ bi àwọn tí ẹ jọ kọ ọ́

Ẹni tó ń bá jọ́nà sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo yín ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá kàn bèèrè pé “Ṣé ẹ ní ohunkóhun láti kéde?”, “rárá” ni gbogbo wọn máa fọ̀, wọn ò sì ní í mọ̀ pé irọ́ làwọn pa. Ẹ béèrè tààrà:

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì: ǹjẹ́ orúkọ yín, ti ọkọ tàbí aya yín, tàbí ti agbanisíṣẹ́ yín wà lórí páténtì kankan, yálà wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó ṣì wà níwájú wọn, tàbí ẹ ṣì ń gbèrò rẹ̀, tó bá jọ mọ́ ohun tí a ṣe ìwádìí lé lórí tàbí ohun tó ń bá a du ọjà? Ǹjẹ́ ẹ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ni irú páténtì bẹ́ẹ̀?”

Ẹ tọ́jú èsì wọn sínú ímeèlì.

Èwo ló kan ìwádìí yìí?

Ibí ni ọ̀rọ̀ Wakefield ti wúlò. Ọ̀pọ̀ máa ń bi ara wọn pé, “Ṣé ohun tí mo dán wò ni mo ní páténtì lé lórí?” Bí kì í bá ṣe òun, wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: bí èsì ìwádìí yìí bá rí báyìí, ta ló máa jèrè? Bó bá sì rí lódìkejì ńkọ́? Bí ẹ bá ní páténtì lórí oògùn kan, tí ẹ wá tẹ ìwádìí tó fi hàn pé oògùn tó ń bá a figagbága kò ṣiṣẹ́, ó kàn yín. Bí páténtì yín bá jẹ́ ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò, tí ìwádìí yín sì ń rọ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ léraléra, ó kàn yín.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Olóòtú ló máa pinnu bóyá ó kan iṣẹ́ náà tàbí kò kàn án.

Kíkún fọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn ló ń lo fọ́ọ̀mù ICMJE, òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló sì máa kún tirẹ̀. Ìbéèrè 13 ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ń béèrè nípa ìrànlọ́wọ́ tí ẹ rí gbà fún iṣẹ́ yìí gan-an, ìyẹn kò sì ní gbèdéke ọjọ́. Àwọn tó kù ń wo oṣù 36 sẹ́yìn. Páténtì wà ní ìkẹjọ, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀ nìkan. Bí páténtì náà bá ti ń mówó wọlé tàbí tí ẹnì kan ti gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ (àṣẹ láti lò ó), ìkẹta náà kàn yín. Bí ẹ bá ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ tí ẹ sì ní ìpín níbẹ̀, ẹ lọ sí ìkọkànlá. Ohun kan ṣoṣo lè jáde ní ìlà mẹ́ta.

Kíkọ gbólóhùn tí òǹkàwé máa rí

Fọ́ọ̀mù lè wà lọ́dọ̀ olóòtú, gbólóhùn tó máa jáde pẹ̀lú iṣẹ́ náà ni aráyé máa kà. Ká ní ẹ ṣe pépà kékeré kan tó ń fi itọ́ mọ ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Irú èyí ni mo sábà máa ń rí:

“Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ní páténtì.”

Èwo nínú wọn? Páténtì kí ni? Ibo ló ti kan ohun tí mo ń kà yìí? Gbólóhùn yìí bo nǹkan ju bó ṣe ṣí i lọ. Àwọn jọ́nà Nature sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ yékéyéké: ẹni tó bèèrè páténtì náà, orúkọ àwọn olùṣẹ̀dá, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó dé dúró, àti apá tó kàn nínú iṣẹ́ náà. Kódà bí jọ́nà yín kò bá béèrè tó bẹ́ẹ̀, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi márààrún sí i:

“Yunifásítì wa ti bèèrè páténtì (nọ́ńbà rẹ̀ nìyí), a sì kọ orúkọ A.B. àti D.K. síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣẹ̀dá. Ó dá lórí bí pépà náà ṣe ń mu itọ́, èyí tí a lò nínú ìdánwò kejì nínú iṣẹ́ yìí. Wọn kò tíì fọwọ́ sí i. A.B. àti D.K. kò tíì gba owó kankan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ní ìpín bí ẹnikẹ́ni bá gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé yòókù kò ní ohunkóhun láti kéde.”

Ìlà márùn-ún, ó tán. Bí ìwé ìbéèrè náà bá ṣì wà ní ìkọ̀kọ̀ tí agbanisíṣẹ́ yín kò fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ jáde, ẹ lè yọ nọ́ńbà kúrò, kí ẹ sì sọ fún olóòtú ìdí tí ẹ fi yọ ọ́. Ẹ má yọ òótọ́ pé páténtì wà. Sísọ pé ẹ ti bèèrè páténtì kì í tú àṣírí bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé gbólóhùn yìí kan náà lọ sórí síláìdì àkọ́kọ́ níbi ìpàdé, àti sórí ẹ̀dà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá wà níbì kan tí kò sì sí níbòmíràn, ẹni tó bá rí méjèèjì máa rò pé ẹ fẹ́ fi nǹkan pamọ́ ni.

Bí ẹ bá gbàgbé ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan lè bèèrè páténtì nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí gbogbo yín sì gbàgbé. Bí iṣẹ́ kò bá tíì jáde, lẹ́tà kékeré sí olóòtú ti tó. Bó bá ti jáde, ẹ kọ̀wé sí olóòtú fúnra yín kí ẹlòmíràn tó kọ ọ́, ẹ fi gbólóhùn tuntun náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n tẹ àtúnṣe síta. ICMJE ka mímọ̀ọ́mọ̀ fi irú nǹkan báyìí pamọ́ sí ìwà àìtọ́. Àwọn olóòtú tó ń tẹ̀ lé ìlànà COPE, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú títẹ ìwádìí jáde, sì ní ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà tẹ̀ lé ẹ̀sùn náà: wọ́n á kọ̀wé sí òǹkọ̀wé pé kó ṣàlàyé, bí àlàyé náà kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ lọ bá agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó bá ti ọwọ́ yín wá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ olóòtú yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ bá kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti bi yín.