Ìrírí mi: bí mo ṣe yẹ púùlù àti sílàìdì méjì wò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún Iléyá

Ọjọ́ mẹ́ta ni Alhájì tó ni ibẹ̀ fún mi. Ibùdó ìgbafẹ́ kan ni, lẹ́yìn ìlú. Ó ní púùlù ńlá kan, sílàìdì kan tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó ga ní mítà 4, àti èkejì tó jẹ́ páìpù, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn mítà 7. Wọ́n ní kí n wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń dúró ló jẹ mí lógún jù, torí ìgbà tí nǹkan kan bá dúró tí ìkejì rẹ̀ ṣì ń lọ ni ènìyàn máa ń fara pa nínú ọgbà omi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wọ ilé pọ́ǹpù. Mo ní kí wọ́n pa búrékà ńlá, bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ, mo sì di fóònù mú láti ka àsìkò. Pọ́ǹpù kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi inú sílàìdì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 11. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré méjì tó wà lára ògiri, èyí tó ń fún púùlù ní kílórínì olómi àti èyí tó ń fún un ní ásíìdì, ṣì ń dún tẹ̀ẹ̀-tẹ̀ẹ̀. Ẹni tó so wáyà wọn ti fà á sára ínfátà. "Ọ̀gá, kí kẹ́míkà má bàa já ni mo ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀," ló sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fojú kéré. Tí omi kò bá sáré nínú páìpù, kílórínì àti ásíìdì á pàdé lójú kan, gáàsì kílórínì á sì kóra jọ síbẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá gbé pọ́ǹpù dìde, gáàsì yẹn á bá ojú ihò tí omi ń gbà wọlé jáde sáàárín àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀. Ojú á máa ta wọ́n, wọ́n á máa wúkọ́, àyà á há mọ́ wọn. Mo tú wáyà méjèèjì kúrò lára ínfátà, mo mú iná wọn láti ara kọ́ńtáktọ̀ pọ́ǹpù ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan pọ́ǹpù tó sì ń pa á, kí ó lè jẹ́ pé tí pọ́ǹpù bá kú, àwọn náà á kú. Wáyà mítà 6 àti iṣẹ́ wákàtí kan ló gbà. Èyí nìkan kò tó, torí pọ́ǹpù lè máa yí lásán láìfa omi. Mo kọ "flow switch" sókè pátápátá nínú ohun tí wọ́n máa rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bóyá omi ń sáré nínú páìpù.

Ohun kejì nínú ilé pọ́ǹpù ni pé pọ́ǹpù sílàìdì máa ń dá dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ kan wà ní àárín páìpù, omi gbẹ, ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ fáíbà, kò lè lọ síwájú. Ẹni tó tẹ̀lé e ti sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé iná ti lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbá ọmọ iwájú lẹ́yìn orí. Tí omi bá tún dé lójijì, á gbá àwọn méjèèjì lọ pọ̀. Irú èyí ló pa àgbàlagbà mẹ́rin ní Dreamworld, ní Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2016. Lórí Thunder River Rapids, pọ́ǹpù kan kú, kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Omi fà, ọkọ̀ rọ́bà kan há sórí irin. Bẹ́líìtì tó ń gbé ọkọ̀ bọ̀ kò dúró, ó gbé òmíràn wá kọ lu èyí tó há. Kò sí ohun tó so omi mọ́ bẹ́líìtì, tí yóò pa bẹ́líìtì bí omi bá ti fà. Ní 2020, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.6 dọ́là Ọsirélíà lé iléeṣẹ́ tó ni ín.

Mo yí i padà sí bọ́tìnnì. Bí iná bá lọ tó padà dé, pọ́ǹpù sílàìdì kò ní dìde àfi tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ àfi tí ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ bá gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè. Ní ẹnu páìpù lókè, mo ní kí wẹ́dà fi irin kan síbẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa bíi ti gáàtì. Iná lọ, irin wálẹ̀. Kò sí pé kí a kọ́kọ́ pe ẹnì kan.

Nígbà tí mo ṣì wà nídìí iná, mo tẹ bọ́tìnnì ìdánwò lára ELCB, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná bá ń jò. Kò já. Ó ti kú, bóyá ó ti pẹ́. A fi tuntun tó ń já ní 30 mA sí i, mo sì ní kí oníná fi mítà rẹ̀ dán an wò, torí pé bọ́tìnnì nìkan kì í sọ bóyá wáyà ilẹ̀ dára.

Ìsàlẹ̀ púùlù ní ihò ìfami méjì, wọ́n fi ju mítà kan lọ jìnnà síra. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: bí ara ènìyàn bá dí ọ̀kan, pọ́ǹpù á máa rí omi fà nínú ìkejì, kò ní so ẹni yẹn mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méje kan, Virginia Graeme Baker, ni ihò ìfami gbá mú nínú agbada omi gbígbóná ní Amẹ́ríkà ní 2002 títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 lórí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ dán ihò wò láé. Mo ká aṣọ ìnura tó nípọn sí mẹ́rin, mo dì í mọ́ orí ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń fọ púùlù, mo sì sọ̀ ọ́ sórí ihò àkọ́kọ́ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Ó yọ wẹ́rẹ́. Mo gbé e lọ sórí ìkejì. Ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, àwa méjì fà á, kò gbọ́, àfi ìgbà tí wọ́n pa pọ́ǹpù.

Ihò méjì lójú, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Símẹ́ńtì tí àwọn tó lẹ táìsì fọ̀ sílẹ̀ ló ti gan sínú páìpù ihò àkọ́kọ́, tí gbogbo agbára pọ́ǹpù fi di ti ìkejì. A ti fáàfù ihò kejì pa, a fi omi ti páìpù ihò àkọ́kọ́ padà láti ilé pọ́ǹpù, ègé símẹ́ńtì mẹ́ta jáde pẹ̀lú ewé tó ti jẹrà. Nígbà tí mo tún gbé aṣọ ìnura lé àwọn méjèèjì, ó yọ lórí àwọn méjèèjì. Ìdérí wọn náà kò dára. Pẹrẹsẹ ni, síkúrù kan nínú mẹ́rin ló kù lára ọ̀kan. A fi èyí tó yọ bíi ikùn igbá sí i, pẹ̀lú síkúrù mẹ́rin tí kì í dípẹtà. Ẹni tó dirun pẹ̀lú àtaṣímẹ́ǹtì gígùn kò gbọ́dọ̀ wọ omi láìkó o sínú fìlà rọ́bà. Irun máa ń wọ inú ìdérí, ó máa ń lọ́ lẹ́yìn rẹ̀ di kókó, kò sì sí agbára tí ènìyàn fi máa já a lábẹ́ omi.

Mo kun bọ́tìnnì ìpapọ́ǹpù tó wà ní etí púùlù ní pupa, mo sì mú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá tẹ̀ ẹ́, títí kan obìnrin tó ń ta súyà.

Omi fúnra rẹ̀ kò le. Púùlù náà gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní 10, tí a bá sì pín jíjìn rẹ̀ dọ́gba, mítà 1.2 ni. Lítà 240,000 nìyẹn. pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi, jẹ́ 8.1, kílórínì jẹ́ míligíráàmù 0.5 nínú lítà kan. pH ni mo kọ́kọ́ mú wálẹ̀ sí 7.4, torí pé ní 8, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kílórínì ló ń jà, ní 7.5, ìdajì. Láti gbé kílórínì láti 0.5 dé 2.5, HTH, ìyẹn kílórínì oníhóró, olójú 65 nínú ọgọ́rùn-ún gba nǹkan bí gíráàmù 740. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ báàkẹ́ẹ̀tì, HTH ló ń tẹ̀lé e. Síbí tí ẹ fi bu HTH kò gbọ́dọ̀ wọ inú ike àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kílórínì; àwọn méjèèjì máa ń gbaná tí wọ́n bá pàdé. Kí n tó gbà pé omi mọ́, mo ju àwo dúdú kan tó fẹ̀ ní sẹ́ntímítà 15 síbi tó jìn jù. Tí n kò bá rí etí rẹ̀ kedere láti etí púùlù, ẹnikẹ́ni kò ní wọ omi.

Sílàìdì gba ọjọ́ kan gbáko. Fáíbà tí wọ́n so pọ̀ ní ègé-ègé ni, ojúùpo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí ègé méjì ti pàdé, sì lè di ọ̀bẹ. Ègé òkè ló yẹ kó ga díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ara lè máa bọ́ sílẹ̀ dípò kó kọ lu etí. Ojú nìkan kò lè rí i. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ ọwọ́, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ yọ̀ bọ̀ láti òkè, lójúùpo lójúùpo, ní ìsàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní ojúùpo karùn-ún nínú páìpù, ìbọ̀sẹ̀ náà ya fàà. Ègé fáíbà kan tó kéré ju èékánná lọ ló yọ sókè níbi tí síláǹtì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ojúùpo, ti ṣí. Ibi ẹ̀yìn ni yóò kàn lára ọmọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú eré. Mo fi sáńpépà 400 ha á, mo fi gelcoat, ìyẹn ọ̀dà líle tó ń bo ojú fáíbà, dí i, mo ha síláǹtì tó kù kúrò, mo sì fi tuntun sí i. Síláǹtì yẹn fẹ́ wákàtí 24 láìfara kan omi rárá.

Bóòtù tó so páìpù mọ́ òpó irin, mo fi òòlù kékeré kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn èyí tó le máa ń mọ́ gaara. Èyí tó ti tú, ohùn rẹ̀ máa ń kú. Mẹ́rin ti tú, méjì ti dípẹtà tó bẹ́ẹ̀ tí sípánà fi ń yọ́ lára nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn tí a dì wọ́n, mo fa ilà ọ̀dà funfun kan kọjá orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Tí ilà yẹn bá já sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí. Ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá lè yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Òṣìṣẹ́ àgbà kan yọ̀ nínú sílàìdì tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹsẹ̀ síwájú, apá lórí àyà. Ìṣẹ́jú àáyá 6 ló fi dé omi, ó sì lo 9 kó tó kúrò níbi tó já sí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ iye tí ẹni òkè máa kà kó tó jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ. N kò sọ ọ́. Ọmọ mìíràn á ṣubú, á máa wá awò omi rẹ̀, á dúró kí màmá rẹ̀ yà á ní fọ́tò. Àsíá ẹni ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹni òkè á máa wò. Fèrè kò wúlò níbẹ̀, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti orin. Kí ọmọ mẹ́ta di ara wọn níbàdí mú bíi rélùwéè, ibẹ̀ ni eyín ti ń kán. Ọ̀pá mítà 1.2 tí a fi ń wọn gíga ọmọ wà nídìí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ orí tí òbí bá pè kò kàn wá.

Ohun tí kò sẹ́ni tó ń kíyè sí ni pé ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn máa ń da omi púùlù nù. Lọ́sàn-án ọdún, omi lè fi ìka mẹ́rin lọ sílẹ̀, ibi tí sílàìdì ń já sí kò sì ní jìn tó mọ́. Mo fa ilà pupa sára táìsì níbẹ̀. Tí omi bá ti wálẹ̀ ju ilà, sílàìdì dúró.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùṣọ́ omi. Mo rọ yanrìn sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, mo wọ bùbá ọmọdé fún un, mo sì rọra sọ ọ́ sísàlẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣeré lórí omi. Ìlànà 10/20 sọ pé kí olùṣọ́ rí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kó sì dé ibẹ̀ láàárín 20. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá 40 ló gbà á. Olùṣọ́ náà kò sùn. Oòrùn ìwọ̀-oòrùn ló ń tàn lójú omi sí i, gbogbo omi di dígí. A gbé àga rẹ̀ lọ sí òdì kejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ìṣẹ́jú àáyá 8.

Ẹni tó rì sómi kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé e dorí kodò, a kì í sì í tẹ ikùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń wá. Bí kò bá mí mọ́, èémí márùn-ún ni mo kọ́ wọn láti kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ àyà nígbà ọgbọ̀n, ìyẹn 30, kí wọ́n fún un ní èémí 2, bẹ́ẹ̀ títí, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní gáàtì tí ẹnikẹ́ni kò dí mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni gáàtì. Ẹni tí a bá fà yọ tó ń wúkọ́, ilé ìwòsàn ló ń lọ, kódà bó bá ní òun ti gbádùn.

Alhájì fẹ́ kí páìpù náà ṣí lọ́jọ́ ọdún gan-an, ó ti kọ ọ́ sára bánà. Mo ní kí wọ́n fi okùn dí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Òjò ti kan síláǹtì ní alẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀ wákàtí 24 láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì ọdún, lẹ́yìn aago méjìlá, ni páìpù ṣí.